Mo Ti Di NẸ́PÀ Nínú Ilé Ara Mi

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ìyàwó mi pè mí ní NẸ́PÀ. Kò pariwo. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú aṣọ àǹkárá tí kò tíì rí áyọ́ọ̀nù, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Bísí, ẹ ti di NẸ́PÀ." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó, kì í ṣe pé wọn kò bú mi rí. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, èébú wo ló kù tí kò gbọ́? Ṣùgbọ́n èyí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láti ọdún 2005 ni ìjọba ti pa orúkọ NẸ́PÀ rẹ́, síbẹ̀ orúkọ ọ̀hún kọ̀, kò kú lẹ́nu wa. N kò mọ̀ pé orí mi ló ń bọ̀ wá bà sí.

Ẹ̀bi sólà ni. Tàbí ká tiẹ̀ sọ pé ẹ̀bi epo bẹntiróòlù ni, torí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ tuntun ń búra, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọjọ́ náà ni jẹnẹrétọ̀ mi kékeré ti di ọmọ tí n kò lágbára àtibọ́ mọ́. Epo tí à ń rà ní bí 200 náírà lítà kan tẹ́lẹ̀, kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ń bá 1,000 ṣeré. Bísí fowó ránṣẹ́ láti Manchester, mo da èyí tó ṣẹ́kù nínú owó ìfẹ̀yìntì mi lé e, a sì pe ọmọkùnrin kan tó ń so sólà. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, 550 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ínfátà kan. Bátìrì lítíọ́mù kan tó ń gba yúnìtì márùn-ún.

Bátìrì yẹn kì í ṣe àkọ́kọ́. Olómi méjì ni mo kọ́kọ́ ní, àwọn gìrìwò tí wọ́n ní ká máa bu omi bátìrì sí. Ọjọ́ kan ni omi bátìrì tán, àbúrò Bísí sì já píọ̀ wọ́tà, ó dà á sí i gbuurugbu. Mo bi í léèrè, ó ní ṣebí "píọ̀" ni wọ́n kọ sára ọ̀rá. Kí n tiẹ̀ má purọ́ mọ́ ọmọ, èmi náà kò ṣe é dáadáa. Bátìrì olómi, ìdajì ló yẹ ká lò kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá ń fà á kọjá ibẹ̀ lójoojúmọ́, sàréè rẹ̀ là ń gbẹ́. Èmi sì máa ń fà á títí fáànù á fi máa yí bí arúgbó tó ń gun òkè. Lítíọ́mù kì í mu omi ní tirẹ̀. Èèyàn lè lò ó kó kù díẹ̀ kó tán, kó tún gbà á padà, ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ara olùkọ́ ń yún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní ọdún 1954, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Chapin, Fuller àti Pearson, fi sílíkónì, ohun tó wà nínú iyanrìn lásán, ṣe sólà tó ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Èyí tó wà lórí òrùlé mi lónìí ju ogún lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ti gbọ́n láti ọdún náà wá, kò sẹ́ni tó tíì ṣe pánẹ́ẹ̀lì tí yóò bá mi bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ nípa áyọ́ọ̀nù.

Áyọ́ọ̀nù wa, 1,200 wáàtì ni. Fáànù wa, 70. Wákàtí kan tí ẹnì kan fi ń na ìlà sí ṣòkòtò, fáànù á fi yí láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ṣe ìṣirò yìí fún wọn lórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Mo bá kọ ọ́ sára pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì: áyọ́ọ̀nù àti bílẹ́ńdà, aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, bí oòrùn bá ràn; kẹ́tùlù, láéláé. Ìyá Bísí kà á tán, ó bi mí bóyá n ó tún mú ìwé owó iná wá lópin oṣù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni oòrùn. Alhaja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ìlàjì àgbò iléyá wá sínú fírísà wa, ó ní, "Ẹ má bínú o Bàbá Bísí, ṣebí oòrùn Ọlọ́run ni, ẹ kò rà á." Òótọ́ ni, n kò ra oòrùn. Gbogbo ohun tó wà láàárín èmi àti oòrùn ni mo rà. Lọ́jọ́ náà ni mo ka fóònù tí wọ́n kó wá gba iná: mẹ́rìnlá. Mẹ́ta nínú wọn, n kò mọ olówó wọn títí di òní.

Oòrùn ọ̀hún gan-an kò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo rò pé bó bá ṣe ń mú tó ni iná á ṣe pọ̀ tó. Irọ́ ni! Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń jẹ, ooru rẹ̀ sì ń ṣe é léṣe. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kọjá 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ á máa dín díẹ̀díẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ní Ìbàdàn, òrùlé wo ló wà ní 25? Ọyẹ́ ní tirẹ̀ á da eruku bò ó, mo sì ń gun àkàbà pẹ̀lú kànrìnkàn ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀ka máńgòrò Alhaja tún wà níbẹ̀, tó ń ṣíji bo igun kan láti aago mẹ́ta. Igun kan péré o, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀ ni, gbogbo ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀ ń rọ̀. Mo fẹ́ ní kí wọ́n gé ẹ̀ka náà, mo rántí àgbò inú fírísà, mo panu mọ́.

Nínú ìṣúná ọdún 2025, bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún sólà ilé ààrẹ ní Abùjá. Àwọn èèyàn bínú sí owó náà. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: ta ni wọ́n yàn tí yóò máa gbé áyọ́ọ̀nù pamọ́ níbẹ̀?

Torí mo ti gbé tiwa pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sì mọ̀ pé ìjà náà kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n fi owó kún owó iná ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san 225 náírà lórí yúnìtì kan. Ká ní bátìrì mi kún bámúbámú, iná inú rẹ̀ kò ju 1,125 náírà lọ ní iye yẹn. Owó àkàrà lèmi àti ìyàwó mi ń bára wa yan odì lé lórí.

Lóru Sátidé kan náà, òjò rọ̀, òtútù mú mi wọ eegun. Mo dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo wọ kíṣìnnì, mo ki kẹ́tùlù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ife tíì kan péré. Fóònù mi dún. Bísí ni, láti Manchester. Mo ti gbàgbé pé ẹni tó so sólà ti fi ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ sórí fóònù Bísí.

"Dádì, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ má bínú, kí ló ń jẹ 1,900 wáàtì nílé ní aago kan òru?"

Kí n tó rí irọ́ kankan pa, kẹ́tùlù ta káú. Mo wẹ̀yìn. Ìyàwó mi ti gbé àga sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti gùn ún dé ìdajì, àǹkárá wà ní èjìká rẹ̀.