Káàdì Ìkíni Tí Wọ́n Ń Ró

Káàdì ìkíni àwọn Ẹ̀gbá kì í gbé inú àpò ìwé. Ìdí ni wọ́n ń ró o mọ́. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àdìrẹ Ọlọ́ba jáde, tòun ti olorì rẹ̀ láàrin aṣọ. Kábíyèsí wà ní London, àwòrán rẹ̀ ń bá ẹni tó ró aṣọ náà ná ata lọ́jà. Páànù tí àwọn ọkùnrin gé ní bátánì ni wọ́n fi ń lá ẹ̀kọ láfún sáṣọ láyé ìgbà yẹn.

Ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lónìí, fóòmù ni òǹtẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń sùn lé. Wọ́n á gé e ní òdòdó tàbí ẹyẹ, wọ́n á rì í bọnú àbẹ́là yíyọ́, wọ́n á sì tètè tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ kó tó dì. Ibi tí àbẹ́là bá dé, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bó bá ṣèèṣì kán síbi tí wọn ò rán an, oníbàárà á gbọ́ pé sitáìlì tuntun ni, owó á sì lé sí i. Lẹ́yìn aró, omi gbígbóná ló ń yọ àbẹ́là kúrò.