Bí Mo Ṣe Tún Àpótí Ẹja Ṣe

Ẹni tó ta àpótí ẹja onígíláàsì àlòkù náà fún mi kò purọ́. Ó ní ó ń jò díẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ "díẹ̀" tí mi ò gbọ́ "ó ń jò." Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ ò kúkú ní ra tuntun?" Mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwé: mo ní nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹja ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ní 1853, gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì kò tíì dáyé. Ó wò mí, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjà Agbálátà níbí ní Àgbádárìgì, sílíkọ́ọ̀nù tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo mú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé ti ilé ìwẹ̀ ni, pé kò ní jẹ́ kí ògiri bu. Inú mi tiẹ̀ tún dùn sí i. Mo fà á lé orí ti àtijọ́ tó ti gbó sí igun àpótí, òórùn fínígà sì gba gbogbo ilé. Òórùn yẹn kò burú. Ásíìdì inú fínígà gan-an ló máa ń jáde lára rẹ̀ bó bá ń gbẹ. Àmọ́ sílíkọ́ọ̀nù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ńṣe ló yẹ kí n fi réésà ha ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátá, kí n fi sípíríìtì nu gíláàsì, kí n fún èyí tí mo bá fà láyè láti gbẹ dáadáa. Èmi dami sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí àlejò ń bọ̀.

Lóru, màmá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa kanlẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì mi." Mo ní òjò ni, mà. Nínú ọyẹ́! Màmá bojú wo ìràwọ̀ lókè, wọ́n bojú wo ṣòkòtò mi tó rin gbindin, wọn ò sọ nǹkan kan.

Mo ha á kúrò, mo tún un fà, pẹ̀lú sílíkọ́ọ̀nù ilé ìwẹ̀ kan náà. Kò jò mọ́. Ẹja ló kú. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ògiri bu kò mọ ẹja yàtọ̀.

Ìgbà tí mo wá ra ojúlówó sílíkọ́ọ̀nù àpótí ẹja, igun kan náà ló tún là. Mo bú gọ́ọ̀mù, mo bú ẹni tó tà á, kí oní-àlùmí kan tó wá gbé lẹ́fẹ̀lì rẹ̀ lé irin tó gbé àpótí náà dúró. Atẹ́gùn òkun ti jẹ ẹsẹ̀ irin kan. Ìpẹtà ló kù níbẹ̀. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó fẹ̀ tó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ń gba omi tó tó 250 lítà. Lítà omi kan, kílò kan. Àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún ni mo gbé lé irin arọ, tí mo ń retí kí gọ́ọ̀mù gbà mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé létí òkun níbí, bí gíláàsì kò bá sán, ẹ má ra tuntun. Ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù tó wà fún àpótí ẹja tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ irin yẹn.