Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Fi Owó Táṣẹ́rẹ́ To Kọ̀ǹpútà Géèmù

Àbúrò mi, ọ̀gá géèmù, ọmọ a-gbá-bọ́ọ̀lù-lórí-sikirínì-tí-ilẹ̀-fi-mọ́, mo kí ọ o.

Mo rí ìwé tí o kọ ohun tí o fẹ́ rà sí. Casing onígíláàsì, fáànù mẹ́fà aláwọ̀ mèje, Core i9, kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣẹ́jú. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí owó ti tán, o kọ ọ́ pé: "power supply, èyíkéyìí." Èyíkéyìí kẹ̀! Ṣé kọ̀ǹpútà lo fẹ́ tò ni, àbí ilé ijó lo fẹ́ ṣí?

Mo tún gbọ́ pé iṣẹ́ ilé-ìwé lo sọ fún Mọ́mì pé o fẹ́ máa fi ṣe. Èmi ò ní tú àṣírí ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.

Ká tibi èyíkéyìí yẹn bẹ̀rẹ̀. Power supply ló ń gba iná lára ògiri, tó ń sọ ọ́ di ìwọ̀nba tí àwọn yòókù lè mu. Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, tí wọ́n tún dá a padà tìbínú-tìbínú, òun ni yóò kọ́kọ́ fojú winá. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà: wọ́n á lẹ 600 watt mọ́ ọn lára, kò sì ní lè gbé ìdajì rẹ̀. Gbé e lọ́wọ́ wò. Bó bá fúyẹ́ bí páálí òfìfo, fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí irú rẹ̀ bá sì máa kú, ó lè mú motherboard dání lọ. Èyí tó jẹ́ ojúlówó 500 watt, tí ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ ṣe, ti tó ọ jẹun, ó tún ṣẹ́ kù. Òun ni kí o kọ́kọ́ rà.

Core i9 ńkọ́? Nítorí GTA V tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2015! Àbúrò, ìgbéraga nìyẹn. Ra Ryzen 5 5600G. Ọdún 2021 ló jáde, core mẹ́fà ló ní, 65 watt ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tó sì mú mi fẹ́ràn rẹ̀ fún aláìlówó bíi tìẹ ni pé ó ń gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. O lè máa gbá Valorant àti bọ́ọ̀lù ẹ láìní graphics card, bí o bá gbà láti dín ẹwà àwòrán kù. Ṣùgbọ́n ara RAM ni àwòrán yẹn ti ń jẹun, nítorí náà má ra RAM 16 GB ẹlẹ́yọ kan. Ra 8 GB méjì, kí ọ̀nà RAM méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bó bá jẹ́ motherboard B450 tòkunbọ̀ lo rí, ní kí ẹni tó ń tà á sọ BIOS rẹ̀ di tuntun kí o tó sanwó. SSD 500 GB, ó parí.

Ibi graphics card ni wọ́n ti máa ń fi irú yín jẹun ní Computer Village, n'Ìkejà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, pa ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi graphics card wa owó rẹ̀ tì. Àwọn awakùsà tí wọ́n ti lo card wọn tọ̀sán-tòru bá kó wọn dà sọ́jà tòkunbọ̀ káàkiri ayé. RX 580 tó ní 8 GB wà lára wọn. Kò burú, kò ní dójú tì ọ́ ní 1080p. Àmọ́ ó ní ìbejì kan tí kò lágbára tó o, 2048SP. Ẹ̀yà ìṣirò 2304 ló wà nínú ojúlówó, 2048 ló wà nínú èkejì, orúkọ kan náà sì ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu alágbàtà. Àwọn mìíràn á gbé card NVIDIA tó ti di arúgbó, wọ́n á yí BIOS rẹ̀ padà, wọ́n á ní GTX 1050 Ti ni. Gbé ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ GPU-Z dání lórí flash. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2018 ló sì ti ń tú irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ fó. Ní kí wọ́n fi card náà gbá géèmù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ẹ, kí o máa gbọ́ fáànù rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò síná, bá tìẹ lọ. Iná á dé lọ́la.

Bóyá oṣù mẹ́ta sí i ni owó card máa tó pé. Fara balẹ̀. Ọjọ́ tí o bá wá rà á, jọ̀ọ́, ara card gan-an ni kí o ki wáyà mónítọ̀ bọ̀, má ki í bọ ẹ̀yìn motherboard, kí o má baà pè mí láago kan òru pé wọ́n ti lù ẹ́ ní jìbìtì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ.