Ọ̀gbẹ́ni Orí-Ló-Yọ-Mí

Ẹni tí mò ń sọ yìí kò ṣòro láti dá mọ̀. Èkó ni ó ń gbé; Iléṣà, Adó-Èkìtì tàbí Ọ̀wọ̀ ni ó máa ń wa ọkọ̀ lọ bí Kérésì tàbí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá ti gúnlẹ̀, kí ó tó bèèrè àlàáfíà ìyá tó bí i, yóò ti gbọ́wọ́ sókè kí gbogbo ilé dákẹ́: "Ẹ bá mi dúpẹ́! Ikú ni wọ́n rán sí mi lónìí, orí ló yọ mí." Ìtàn á wá bẹ̀rẹ̀. Táyà iwájú bẹ́ ní Ògèrè, ọkọ̀ yí po lójú títì, létí kòtò ló dúró sí. Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, díẹ̀ ló kù kó wọ abẹ́ tírélà tó dúró láìtan iná. Ilé á máa pariwo "Ọlọ́run ò ní gbà!", wọn á ta omi sílẹ̀, ìyá rẹ̀ á bú sẹ́kún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, wọ́n á ti mọ ẹni tó rán táyà níṣẹ́: ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ni, ẹni tí kò jáde wá kí i káàbọ̀.

Lójú tèmi, ìtàn náà léwu ju táyà tó bẹ́ lọ. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í fi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí kí wọ́n sì máa lọ. Bí bàálù bá kù díẹ̀ kó forí sọ òmíràn, tí èékánná ẹnikẹ́ni kò sì ya, àjọ NSIB tó ń wádìí ìjàǹbá ní Nàìjíríà ṣì lè tú u wò: kí ló bàjẹ́, ibo ni àṣìṣe wà, kí ni a ó ṣe tí kò fi ní wáyé mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó fa ewu tó ré kọjá lónìí náà ni yóò pààyàn lọ́jọ́ mìíràn. Ti Orí-Ló-Yọ-Mí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti yọ, ìwé ẹ̀rí ló gbà yẹn. Ó di ẹni tí ikú ò lè mú, ọdún tó tẹ̀lé e, ó tún fi kún eré.

Ẹ bi í léèrè ọjọ́ orí táyà tó bẹ́ yẹn, yóò wò yín bí ẹni tó ń bú u. Bẹ́ẹ̀, nọ́ḿbà mẹ́rin tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà wà lára rẹ̀ gbangba: 2314 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń pariwo pé kí táyà má ṣe ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ni tirẹ̀; ẹni tó tà á fi nǹkan dúdú kùn ún títí ó fi ń dán, òun sì gbà pé dídán ni tuntun. Ẹ wá gbé ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, àpò ìrẹsì mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ kékeré lé e lórí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, ọ̀sán gangan, ojú títì ń jó bí ìdí ìkòkò. Rọ́bà á gbóná, okùn inú rẹ̀ á já. Bí ó bá bẹ́ tán, ó yẹ kí awakọ̀ di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin, kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù díẹ̀díẹ̀, kí eré fúnra rẹ̀ rọlẹ̀. Òun fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì yí. Ìyàwó àbúrò bàbá kò sí níbẹ̀.

Ó tún máa ń fi wákàtí yangàn. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gùn tó bíi kìlómítà 127. Ẹni tó bá ń sá 100, tí í ṣe òpin eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní márosẹ̀, yóò lo bí ìṣẹ́jú 76. Ẹni tó ń sá 140 yóò lo bí 54, bí ọ̀nà bá dá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin (ẹni tó mọ Ìbafo lóṣù Kejìlá á ti máa rẹ́rìn-ín). Ìṣẹ́jú 22 ni gbogbo èrè náà. Nítorí rẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò ṣì rìn lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá sì dé Ìkirè, yóò páàkì, yóò fi ìṣẹ́jú 22 náà yọ owó dòdò.

Wọ́n á ní ọ̀nà ni kò dára. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sẹ́ ẹ kò tíì gba Ṣàgámù lọ sí Ọ̀rẹ̀ rí, ìjọba sì jẹ̀bi púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò kì í rìn. Ibi tó wà lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ náà ló wà, ẹni tó ń sá àsápajúdé nìkan ni kì í rí i títí yóò fi kó sí i. Nígbà tí ọkọ̀ tirẹ̀ náà bá wá dákú, ewé ni ó ń já sójú títì, nítorí abẹ́ àpò ìrẹsì ni àmì onígun mẹ́ta wà, àti táyà àrọ́pò tí kò ní afẹ́fẹ́. Àwọn ajínigbé ńkọ́? Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, n kò sì ní fi ṣeré. Àmọ́ ẹni tó bá ń bẹ̀rù alẹ́, kùtùkùtù ló yẹ kó jáde nílé. Ọ̀gbẹ́ni wa yóò kọ́kọ́ gẹ irun, yóò fọ ọkọ̀, yóò lọ gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà. Ó di aago méjì ọ̀sán kó tó kúrò l'Ékòó, ló bá ń fi eré lé oòrùn.

Èyí tó le jù ni àtakò àwọn tó ní ayé wà, ayé sì burú. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọ̀tá wà. Bí ọ̀tá bá wà lóòótọ́, kí ló dé tí à ń bá a dín iṣẹ́ rẹ̀ kù? Àdúrà kò ní kí á má fa afẹ́fẹ́ sí táyà. Ẹni tó ń bọ Ògún kì í jẹ́ kí irin rẹ̀ dípẹtà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kò fi pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé Ògún ni òrìṣà tòun, síbẹ̀ òun náà ló ṣe agbátẹrù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òun ló sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ FRSC nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1988.

Ìyàwó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ ìtàn kejì. Òun ló ń sọ láti Bẹ́gà pé, "Dádì Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," tí ọkọ rẹ̀ ń dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi lọ́kọ̀ ni?" Òun ló rí i tó fa bẹ́líìtì sáyà nígbà tí wọ́n rí àwọn ẹ̀ṣọ́, tó sì jù ú sílẹ̀ bí wọ́n ti kọjá wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àwa tí à ń gbọ́ ìtàn náà, tí à ń ta omi sílẹ̀, la jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tún dé lọ́dún yìí, ẹ bá a dúpẹ́, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé eré mélòó ni wọ́n ń sá. Ẹ̀yin tí ẹ óò bá a padà sí Èkó, ẹ bẹ̀rẹ̀ ka nọ́ḿbà ara táyà kí ẹ tó gbẹ́rù sínú ọkọ̀. Bí ó bá ní ẹ ń fojú di òun, ẹ lọ wọ ọkọ̀ èrò.