Bọ̀dá Ó-Ṣojú-Mi

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú Micra ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ó rí i lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó ń ta ṣájà, íápíìsì àti àpò fóònù. Ọjà tó ń tà nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n já báàgì gbà ní Dúgbẹ̀, nídìí Ilé Kòkó? Ó ṣojú rẹ̀ kòrókòró. Wọ́n fìbọn gba mọ́tò ní Ring Road? Ó wà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ọta ìbọn bà á. Àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bọ̀dá Ó-Ṣojú-Mi ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wá wò ó nígbà tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kadà kan dúró lójijì, ẹni tó wà lẹ́yìn fa ìbọn yọ, obìnrin tó ń ti ilé ìfowópamọ́ bọ̀ figbe ta: "Ẹ gbà mí o!" Ó-Ṣojú-Mi ló kọ́kọ́ gbọ́, òun náà ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. A kì í fi àyà gba ọta. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ yẹn ni fóònù ti máa yọrí bí alángbá. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo Agbowó o! Ẹ bá mi pín in káàkiri o!"

Ẹ ní kó pe ọlọ́pàá, ẹ ó gbọ́ pé kò sí káàdì lórí fóònù òun. Dátà tó máa gbé fídíò náà jáde wà. Káàdì ni kò sí. Nọ́ńbà 615 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé kalẹ̀ fún pàjáwìrì kì í gba kọ́bọ̀, 112 tó wà fún gbogbo Nàìjíríà náà kì í gbà. Ó mọ̀ wọ́n. Ó ti gbé méjèèjì sórí WhatsApp rẹ̀ rí, kó tó fi àwòrán ọjọ́ ìbí rẹ̀ rọ́pò wọn.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wá tẹ olè tí kò ní ìbọn. Háà! Bọ̀dá tó sá lánàá ti ká ṣòkòtò sókè. "Ẹ má jẹ́ kó lọ!" Ẹni tí kò rówó káàdì ti rówó bẹntiróòlù. Táyà kò jìnnà, àwọn fọganáísà wà nítòsí. Wọn kì í bi ẹni tí wọ́n mú léèrè ohun tó jí. Bí wọ́n bá bi í, ó lè jẹ́ pé òun kọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n pariwo olè lé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin lórí, wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Èrò ń wò, fóònù ń yà. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta, ọlọ́pàá sì wà nínú wọn. Ẹ sọ èyí fún Ó-Ṣojú-Mi, á ní ọmọ Ìbàdàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣókà, ní Ìbàdàn níbí, ńkọ́? Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2014, níbẹ̀, tí kò jìnnà sí Challenge, wọ́n já wọ ilé kan tí wọ́n pa tì, wọ́n bá àwọn ènìyàn tí ìyà ti jẹ gbẹ, pẹ̀lú agbárí àti egungun. Àwọn ọlọ́kadà tó ń wá ẹgbẹ́ wọn tó sọnù ló pariwo tí àṣírí fi tú. Ó-Ṣojú-Mi dé lọ́jọ́ kejì, ó kẹ̀yìn sí ilé náà, ó ya ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wèrè tó bá gbé àpò ìdọ̀tí kọ́ èjìká di ajínigbé lójú èrò, wọ́n sì ń lù ú. Ó-Ṣojú-Mi kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni o. Ó ní òun kàn sọ pé kí wọ́n tú àpò rẹ̀ wò ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní Bódìjà, lẹ́yìn ògiri gíga. Bí aládùúgbò bá figbe ta lóru, "Jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbọ́" ni ìdáhùn rẹ̀ láàárọ̀. Ní Bódìjà yìí kan náà, lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001, àwọn agbanipa wọlé tọ Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà, wọ́n yìnbọn pa á. Àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ti lọ jẹun. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kò dá ẹnì kankan lẹ́bi ikú náà. Ẹ̀gbọ́n mọ ẹni tó ṣe é ní tirẹ̀; ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké lóde ìnáwó, bí ìgò kẹta bá ti ṣófo.

"Ṣé ẹ ti sọ fún ọlọ́pàá, sà?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ."

Ká má purọ́, ẹ̀rù wọn nídìí. Ẹni tó lọ jẹ́rìí ní àgọ́ ọlọ́pàá lè di ẹni tí wọ́n ń wá gba bélì rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù nìkan kọ́. Ní 2019, àwọn olùwádìí tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìjà 219 tí kámẹ́rà ojú títì ká sílẹ̀ ní Amsterdam, Lancaster àti Cape Town. Nínú ìjà mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́sàn-án tí ẹnì kan, ó kéré tán, dá sí. Ẹ má sì sọ pé nǹkan òyìnbó ni: ọ̀bẹ àti ìbọn kò ṣọ̀wọ́n ní Cape Town. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ó-Ṣojú-Mi bi ẹni tó kà á fún un: "Ṣé fídíò ni wọ́n fi mọ̀? Ẹ ò wá rí i pé iṣẹ́ mi ṣe pàtàkì!"

Kó yáa gbọ́ èyí náà. Ní òpin ọdún 2017, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà. Ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró tìtorí ìwé ọlọ́pàá tàbí owó àkọ́san mọ́. Òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe agbófinró nìkan, ṣèrànwọ́ kí wọ́n lè gbé e dé ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Ẹni tó bá dúró wòran tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀, tí ẹni náà fi kú ikú tí kò yẹ kó kú, lè fẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura. Òfin náà kò yọ ẹni tó ń ya fídíò sílẹ̀.