Ẹ Ra Mọ́tò, Ẹ Má Ra Ṣekárími

Lẹ́tà mẹ́ta ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò sì ni gbogbo wọn. "Tíṣà Tẹ́sẹ̀ Ń Ro", láti Bàṣìrì l'Ádó-Èkìtì, fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun kó owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ ra tòkunbọ̀ l'Ékòó, tàbí kí òun tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun lọ sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ní ó ti jẹ́ owó pọ́ọ́kú. "Ìyá Aláṣọ", láti Ajílọ́sùn, ní jíìpù ló wu òun, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ra tiwọn. Ẹnì kẹta, "Ọkọ Ìyàwó", ń béèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò ṣe lè mọ èyí tó dáa. Mo pa ìdáhùn pọ̀, torí àìsàn kan náà ló ń ṣe yín: ẹ fẹ́ ra mọ́tò fún àwọn tí kò ní bá yín ra epo sí i.

Owó tí ẹ máa kà fún ẹni tó ń ta mọ́tò, àsansílẹ̀ lásán ni. Mẹkáníìkì, rewáyà, oníbẹntiróòlù àti ẹni tó ń ta páàtì ni yóò máa gba ìyókù lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi tà á. Nítorí náà, mọ́tò tó dínwó jù lọ ni èyí tí mẹkáníìkì àdúgbò lè tú palẹ̀, kó sì tò padà láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí, ẹ lọ dúró ní Fájuyì láago méje àárọ̀, kí ẹ wo ohun tí àwọn oníkabúkabú ń wà. Ẹni tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ òkè káàkiri Adó láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó jẹ́ pé ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn epo ni yóò fi jẹun, kò ráyè ra mọ́tò nítorí ojú ayé. Irú èyí tí ẹ bá rí léraléra, irú rẹ̀ ni kí ẹ wá. Micra tó gba ìgboro Ìbàdàn kan kò ṣe é nítorí ẹwà. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá pọ̀ l'Ékòó. Ìjàpá kò rẹwà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ṣùgbọ́n páàtì rẹ̀ wà káàkiri nígbà náà, ọmọṣẹ́ tí kò tíì ṣe fúríìdọ̀mù pàápàá sì mọ ibi tó ti ń ṣàìsàn.

Ìyá Aláṣọ, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wí. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kò tó ₦200 ní àwọn ilé epo kan. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Ẹ́ńjìnnì jíìpù ńlá kò gbọ́ ìròyìn yẹn, bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń mu ún. Ẹ óò sọ pé mọ́tò kékeré kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún yín. Mo gbà pé ọ̀wọ̀ dáa. Ṣùgbọ́n Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ là ń pe Èkìtì; iyì ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí lẹ tún fẹ́ lọ fowó rà á sí? Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n sá ti rí yín nínú jíìpù ni, ẹ máa wọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Iwájú ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ wọ jígí dúdú, kí ẹ yí gíláàsì sílẹ̀ bí ẹ bá dé ibi tí èrò pọ̀ sí. Wọn ò ní gbowó epo lọ́wọ́ yín. Àdúrà ni kí ẹ máa gbà fún wọn.

Tíṣà, ọ̀nà Kútọnu yẹn, ẹ jẹ́ kó di àríyá ìsinmi fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín nìkan. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé. Ìyẹn ni pé èyí tó bá gba ibodè Sèmè wọlé kò lè ní ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù tó péye, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ ti ń yangàn. Owó ìwé tí kò sí ló jẹ́ kó dínwó. Ní ti Èkó, ẹ ronú wò ó: dọ́là kan tí iye rẹ̀ kò tó ₦500 ní báńkì kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá wá ń ta tòkunbọ̀ fún yín bí ẹni pé dọ́là ò gbéra nílẹ̀, ó ní ohun tó mọ̀ tí ẹ ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí mọ́tò náà ti lúwẹ̀ẹ́ rí. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston l'Amẹ́ríkà ní 2017, àwọn adójútòfò san owó fún àwọn tó ni mọ́tò, mọ́tò tó mumi sì di ọjà gbàǹjo. Irú wọn máa ń wọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú ọ̀dà tuntun. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tó fi tán. Bí omi bá dé ibẹ̀ rí, àbàwọ́n ẹrẹ̀ yóò hàn. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo irin ìsàlẹ̀ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Bí lọ́fínńdà inú mọ́tò bá sì ń ta sánsán ju ti ẹni tó ń tà á lọ, ẹ dágbére.

Mo mọ ohun tí ẹ máa fèsì: ṣé àlòkù Nàìjíríà ló wá sàn, bí a ṣe mọ̀ pé a kì í wo mọ́tò níran? Òótọ́ ni, a kì í ṣàánú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tòkunbọ̀ wà l'Amẹ́ríkà, ti àlòkù Adó wà ní Òkèṣà, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe. Ẹ lọ bá ọkùnrin yẹn, ẹ ra ẹmu fún un, ẹ sọ pé ọ̀tọ̀ ni mọ́tò tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ wá bú èyí tí ẹ ń fẹ́ níwájú rẹ̀. Bó bá gbèjà rẹ̀, ẹ rà á. Bó bá bá yín bú u, tó tún ń ka ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹmu yẹn ti sanwó ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi ṣe kabúkabú nìkan ni kí ẹ má sún mọ́. Ọgbọ́n oníkabúkabú ni mo ní kí ẹ gbà, mi ò ní kí ẹ gba ìgbẹ́yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń bi mí pé kí ló dé tí n kò dárúkọ mọ́tò tuntun, tíà-rọ́bà, ẹni tó lówó ìyẹn kì í kọ lẹ́tà sí mi.

Ọkọ Ìyàwó, ti yín ló kàn. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ dé, láì sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, wọ́n ti ta á jí láti fi ohun tó ń ṣe é pamọ́. Ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́la. Ìdérí ọ́ìlì tó ní ohun funfun bíi wàrà lábẹ́ lè jẹ́ àmì pé omi ti ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Èéfín búlúù láti inú sàlẹ́ńsà ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Nọ́ńbà mọ́tò, tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bó bá jẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà, èyí tó wà nípò kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 8 ni 2008, A ni 2010, B ni 2011. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á gun òkè kan, Adó kò kúkú ṣaláìní òkè. Bí gíà bá ń ronú kó tó wọlé, ẹ̀yin náà ẹ ronú.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, ṣùgbọ́n ẹ ti sanwó fún un nílé, kẹ́ni tó ń ta mọ́tò má baà sanwó fún un níbẹ̀. Ẹ tún wá àgbàlagbà kan nínú ẹbí tí nǹkan kan kì í tẹ́ lọ́rùn. Kò sí ẹbí tí kò ní ọ̀kan. Kò nílò kó mọ mọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yí i po, kó fẹsẹ̀ kan táyà, kó mí kanlẹ̀, kó sì lọ dúró sábẹ́ igi láìsọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ti búra pé òun ò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe bàbá kí ó wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jẹ́ kó mí kanlẹ̀ tán, kí ẹ tó dárúkọ iye tó wà lọ́kàn yín.