Iná Amẹ́ríkà Kì Í Lọ

Ẹni tó bá tún sọ létí mi pé iná Amẹ́ríkà kì í lọ, kó múra láti bá mi fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìlú Houston ni mò ń gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìjì kan já wọ ìlú yìí láìkanlẹ̀kùn. Ó fọ́ fèrèsé àwọn ilé gogoro tó wà láàárín ìlú, ó wó àwọn òpó onírin tó ń gbé iná kiri lulẹ̀, nígbà tó sì fi máa kọjá tán, ilé àti ilé iṣẹ́ tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan ti wà nínú òkùnkùn. Ilé tèmi wà lára wọn. Kì í ṣe òkùnkùn yẹn gan-an ló dùn mí. Ọmọ Òṣogbo ni mí. Èmi àti òkùnkùn ti mọra tipẹ́. Server mi ló dùn mí.

Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ni. Mo ki hard disk mẹ́rin bọ̀ ọ́ nínú, mo fi Linux sórí disk kékeré kan lọ́tọ̀, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àlejò, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Gbogbo ilé ló ń kó fáìlì sí i: fọ́tò ìsọmọlórúkọ, fídíò ìgbéyàwó, ìwé owó orí, ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tí a rà nílé, àti ohùn bàbá mi olóògbé níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa. Orogún òun ni ìyàwó mi ń pè é, nítorí owó tó ń gbà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ wo fọ́tò ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ orogún náà ló ń lọ.

Mo ra UPS fún un. Ẹni tó bá ti jókòó ní business centre nílé rí mọ UPS: àpótí bátìrì tó ń gbé iná ró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè ráyè ti fáìlì rẹ̀, kó sì sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó yá, bátìrì inú rẹ̀ gbó, àpótí náà sì ń ké "píì, píì" láti kìlọ̀. Àsìkò yẹn gẹ́lẹ́ ni Màmá mi ti Òṣogbo dé, wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ tuntun. Yàrá àlejò la fún wọn.

"Àjàní," wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, "kí ló ń sunkún nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín lóru?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ ni."

Wọ́n ní, "Ó dáa o."

Mo jáde lọ síbi iṣẹ́. Màmá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tẹ bọ́tìnnì àpótí náà títí tó fi dákẹ́, wọ́n fa púlọ́ọ̀gì server yọ lára rẹ̀, wọ́n fi í sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́túlù wọn. Ẹ̀rọ kú, ẹ̀rọ tún jí, ẹnì kankan ò mọ̀. UPS wá di tábìlì kékeré lẹ́bàá ibùsùn, Bíbélì wà lórí rẹ̀, òróró ìpara ọmọ wà lórí rẹ̀. Ilé pa rọ́rọ́. Wọn ò sọ fún wa, nítorí ta ló máa ń ròyìn pé òun ti bá ọlọ́mọ rẹ ọmọ lẹ́kún?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé Màmá yìí kan náà ló múra sílẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Láti alẹ́ tí wọ́n dé ni wọ́n ti tú lámpù kékeré jáde nínú àpótí aṣọ, irú èyí tó ń fi okùn fóònù gba ṣáájì, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti power bank. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n á fi gbogbo rẹ̀ sí ṣáájì, wọ́n á sì pọn omi kún gbogbo ike tó wà nílé. A rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó mi ní, "Màmá, Amẹ́ríkà nìyí o, wọn kì í mú iná lọ níbí." Màmá ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n tún fi wọ́n sí ṣáájì.

Nígbà tí ìjì dé, Màmá wà nídìí sítóòfù gáàsì, wọ́n ń ro àmàlà. Ilé ṣú bìrì. Ìyàwó mi kígbe, ọmọ kígbe. "Wọ́n ti mú un lọ," ni Màmá wí, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òjò ti ṣú. Kí n tó rí fóònù mi, lámpù wọn ti tàn lórí tábìlì, ọmọrogùn ò sì kúrò nínú ìkòkò. Àmàlà jinná, kò ní kókó kan. Èmi ò lè jẹ ẹ́. Iwájú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo dúró sí, mò ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ tí kò hó mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti tan tọ́ọ̀ṣì yíká, tí mo rí UPS lábẹ́ Bíbélì.

N kò ní fi ìròyìn àwọn ọjọ́ tí a lò láìsí iná gbà yín lákòókò. Ooru Houston nínú oṣù Karùn-ún kì í ṣe kékeré. Àwọn aládùúgbò wa wọnú mọ́tò, wọ́n tan AC, wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kálukú nínú mọ́tò tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran inú fìríísà sẹ́bàá títì nínú àpò dúdú. Màmá ò lè wò ó. Wọ́n din èyí tó ṣeé dín nínú tiwa, wọ́n yan ìyókù lórí ààrò ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wá bi mí pé ta ni olórí àdúgbò, kí àwọn lọ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí olórí àdúgbò.

"Ta wá ni ẹ ń bá jà tí wọ́n bá mú iná lọ?"

N kò tíì rí èsì ìbéèrè yìí títí dòní.

Òru ni iná dé. Màmá figbe bọnu: "Up NEPA!" Ká ní Òṣogbo ni, gbogbo àdúgbò ni ì bá gbè é. Níbí, AC nìkan ló dáhùn. Kò pẹ́, ọkùnrin tó ń gbé òdìkejì wa kanlẹ̀kùn, ó ní òun gbọ́ igbe, ṣé kò sẹ́ni tó farapa? Mo ní ayọ̀ la ń yọ̀. Ó wò mí, ó wo Màmá, ó ní ká sùn ire. Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo padà dùbúlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. A jọ wà nínú òkùnkùn, a jọ làágùn, iná dé tán, kò sẹ́ni tí a jọ yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí server. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó jí, ó kọ ọ̀rọ̀ funfun sójú dúdú pé òun wà ní "emergency mode", òun ò lọ síbì kankan. Bátìrì róbótó CR2032 tó ń bá a rántí ọjọ́ nígbà tí kò bá sí iná ti kú pẹ̀lú, aago rẹ̀ sì ti padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún. Nítorí náà, nígbà tí mo ní kó yẹ disk tí Linux wà lórí rẹ̀ wò, ó fèsì pé ìgbà tí wọ́n ṣí disk yìí gbẹ̀yìn ṣì wà níwájú, kò tíì dé. Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n ní, "Wòlíì ni àbí kí ni?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà tọ́jú fáìlì, kì í kọ ọ́ sórí disk lójú ẹsẹ̀. Inú iyè rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi í sí, iyè tó ń gbàgbé gbogbo nǹkan bí iná bá ti lọ, á wá máa kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ext4, ètò tí Linux mi fi ń to fáìlì, ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sí kó tó ṣe é. Bí iná bá lọ tó sì dé, á ka ìwé náà, á parí iṣẹ́ tó kù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí ń tó. Ó tó lọ́jọ́ tí Màmá fa púlọ́ọ̀gì yọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò tó. RAID 5 ni mo fi so disk mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: wọ́n pín fáìlì láàárín ara wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ìṣirò kan, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta tó kù lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná wá lọ nígbà tí àwọn kan ti kọ tiwọn tán tí àwọn kan ò tíì kọ. Nígbà tí wọ́n jí, ẹnu wọn ò kò mọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ kọ̀, kò yí rárá. Disk tó ti ń yí fún ọdún pípẹ́ láìsinmi, ìgbà tó bá dúró tí wọ́n ní kó tún bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń kú. "Kẹ́, kẹ́, kẹ́" ló ń wí.

Mo pe ilé iṣẹ́ kan níbí tó ń yọ fáìlì nínú disk tó bàjẹ́. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù béèrè àlàáfíà mi, ó bá mi kẹ́dùn dáadáa, ó wá dárúkọ owó. Owó náà tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá lọ sílé, kí wọ́n padà wá, kí wọ́n tún lọ. Mo dúpẹ́, mo pe àbúrò mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mokola, Ìbàdàn.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́rin ìdájí lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó gbé e. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o. Tó bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ má tẹ y!" Ó ní iná tó lọ kọ́ ló ń pa fáìlì àwọn èèyàn, ìkánjú tó tẹ̀lé e ni. Ó ní kí n ra disk ńlá, kí n fi ddrescue ṣe ẹ̀dà àwọn disk tó jí: ètò yẹn á kọ́kọ́ kó èyí tó rọrùn, á fo ibi tó bàjẹ́, á padà síbẹ̀ níkẹyìn. Disk terabyte mẹ́rin kan lè gba wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹ̀dà nìkan ni a ó ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní kí n ka iye ìṣẹ̀lẹ̀ tí disk kọ̀ọ̀kan kọ sára. Méjì bára mu, ẹ̀kẹta fi díẹ̀ rẹ̀yìn. "Kò burú, Ẹ̀gbọ́n. A lè fipá so wọ́n pọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí fsck, ètò tó ń yẹ fáìlì wò, kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tó rí, kó má tíì tún nǹkan kan ṣe.

Àárín èyí ni mo gbọ́ tó ní, "Wọ́n ti mú un o." Mo gbá orí mú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ nínú WhatsApp ò tiẹ̀ ṣẹ́jú; inverter ti gbà á. Mo ní, "Ṣebí Band A ni yín?" Oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn, nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, ni wọ́n gbé owó iná àwọn Band A sí náírà 225 lórí yúníìtì kan, pẹ̀lú ìlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wákàtí mẹ́rin tó kù la wà nínú rẹ̀ yìí. Ọjọ́ gbogbo la sì ń wà nínú rẹ̀." Wọ́n pe ilé iṣẹ́ iná ní NEPA, wọ́n sọ ọ́ di PHCN, wọ́n tà á fáwọn aládàáni lọ́dún 2013, àbúrò mi ò fi ọkàn tán ìkankan nínú wọn, kò sì sí fáìlì rẹ̀ tó tìtorí iná sọnù. Nílé, kò sẹ́ni tó gba iná gbọ́. Níbí, a gbà á gbọ́ débi pé a ò ní fìtílà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ mi yin àwọn tó ń mú iná lọ o: owó tí ọmọ yẹn kó lé inverter àti bátìrì, ó tó fi bẹ̀rẹ̀ ilé.

Nígbà tí a wá jẹ́ kí fsck tún ẹ̀dà náà ṣe, fáìlì púpọ̀ padà. Àwọn mìíràn wà nínú àpò tí Linux ń pè ní lost+found. Wọn ò lórúkọ mọ́, nọ́ńbà lásán ni, mo sì ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé owó orí yọ pátápátá, ojú ewé kan ò dín. Fídíò ìgbéyàwó gé síbi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún wa. Mo tún ṣí nọ́ńbà kan, ohùn Bàbá jáde. N kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n sin wọ́n. Ìwé ìrìnnà ò jẹ́. Orí fóònù ni mo ti wò ó, netiwọ́ọ̀kì sì ń já. Màmá pọn ọmọ wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, "Bàbá yín tún fo ìlà yẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Wọ́n ki ìlà tí Bàbá fò fún ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn. Mo gbà á sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún kan náà, ìjì Beryl dé, iná ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ sì kú. Màmá ti padà sílé nígbà yẹn, wọ́n pè ká tó sùn: "Ṣé ẹ ti ṣáájì?" A ti ṣáájì. UPS ti ní bátìrì tuntun. Server sùn fúnra rẹ̀ kí bátìrì tó tán.

Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, RAID kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Tèmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Mokola. Bátìrì UPS kì í sábà ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Tó bá ń ké, ẹ dá a lóhùn. Ẹ ti fáìlì yín lónìí, kí ẹ fa okùn UPS yọ lára ògiri. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, ẹ ti mọ ohun tí owó oṣù yìí máa rà.